Òwú Ìránṣọ

Bàbá Gẹṣindé kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní okùn awọ.
Òwú ìránṣọ ló ń so mọ́ ìjánu,
òwú funfun tí télọ̀ fi ń ṣẹ́ etí aṣọ,
ẹyọ kan lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì.
"Bó bá já, sọ̀kalẹ̀."
Òfin kan ṣoṣo nìyẹn nílé ẹṣin rẹ̀,
lẹ́yìn ọgbà kan ní Ìkòyí
níbi tí òórùn ọ̀sà ti ń wọlé lálaalẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Ó já. Mo sọ̀kalẹ̀.
Ó tún já. Mo tún sọ̀kalẹ̀.
Oṣù mẹ́rin, mi ò tíì yí pápá po lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbín lorúkọ abo ẹṣin náà.
Etíkun Kúrámò ni Bàbá ti rà á,
nígbà tí òkun ṣì wà níbi tí ilé gogoro wà lónìí,
tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ kiri iyanrìn, igba náírà lẹ́nì kan,
tí egbò ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.
Odindi ọdún kan, Bàbá ò gùn ún.
Ó ń fà á rìn ni, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àna sọ̀rọ̀.
Ọdún kejì, ó gbé gàárì lé e, ó tún gbé e kúrò.
Ó di ọdún kẹjọ kí Ìgbín tó jó lójú kan,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó tí kò kánjú,
etí rẹ̀ yí sẹ́yìn, ó ń gbọ́ ohun tí Bàbá kò tíì sọ.
Òwú sọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì
bí ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, ta ló rí i?"
Ó ní, "Ìgbín rí i."

Èmi ń fẹ́ kí èèyàn rí i.

Ni mo bá fo ọgbà lọ sọ́dọ̀ Kóòṣì Adémúyìwá.
Ẹṣin tirẹ̀ ga, ó ń dán bíi bàtà ìgbéyàwó,
ọkọ̀ òfúrufú ló gbé e wá,
orúkọ rẹ̀ ò ṣeé pè, Ọ̀gá la kàn ń pè é.
Irin méjì lẹ́nu, ṣéènì lábẹ́ àgbọ̀n,
awọ tó di imú rẹ̀ pinpin kí ahọ́n má baà yọ síta.
"Fà á," ni Kóòṣì wí. "Tún fà á. Ọrùn ni adájọ́ ń wò."
Mo fà á títí àgbọ̀n fi kan àyà,
títí ẹṣin fi dà bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó já lẹ́wù ara rẹ̀.
Kò rí iwájú mọ́. Èmi ni mò ń bá a rí i.
Oṣù mẹ́fà péré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta sókè, èrò ń hó yèè.

Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ ìdíje wọ́n ta àtíbàbà funfun,
adájọ́ mẹ́ta, bírò mẹ́ta, omi tútù.
Bàbá náà wá, pẹ̀lú kóòtù ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin tó ti ṣá.
Ìgbín rìn. Ẹnikẹ́ni ò pariwo.
Ta ní ń pariwo mọ́ omi tó ń ṣàn?
Máàkì márùn-ún àti ààbọ̀ nínú mẹ́wàá.
Ẹnì kan kọ ọ́ síwèé pé: ìtara kò tó.
Èmi gba mẹ́jọ. Ríbọ́nnì pupa, fọ́tò,
ọwọ́ Kóòṣì léjìká mi.

Lálẹ́, mo tú ìjánu kúrò lẹ́nu Ọ̀gá.
Ìfófòó tí wọ́n ní àmì ìtẹ́lọ́rùn ni
pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ létí.
Ahọ́n rẹ̀ ti di aró.
Mo na ìrèké sí i. Ó gbóòórùn rẹ̀,
ó kọjú sí ògiri.

Bàbá ń ha ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ìgbín nígbà tí mo dé.
Kò béèrè ríbọ́nnì.
Ó ní, "Ẹṣin yẹn ti jẹun?"
Mi ò fèsì. Iná orí afárá ń mì nínú ọ̀sà.
Ó ju òwú sí mi.
Mo so ó, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo gun Ìgbín.
Ìgbésẹ̀ kan.
Ó já.

"Sọ̀kalẹ̀," ni Bàbá wí,
ó sì ti ń fi eyín gé òmíràn.