Ìṣẹ́jú Àáyá Méje

Oyèládùn, ọmọ Ìyá Tàmálè, ló ní ká wá wo sinimá.
Ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ilé-ìwé ní Arówómọlẹ̀, l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
ó yá àga lọ́wọ́ ìjọ, ó yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ aránṣọ.
Èmi káfíńtà jókòó sẹ́yìn, níbi tí mo ti lè tètè sá.

Wákàtí kan gbáko, ilẹ̀kùn là ń wò.
Ilẹ̀kùn ilé Ìyá Tàmálè, tí mo fi ìrókò kàn
lọ́dún tí wọ́n lé wọn ní Gánà,
tí ìyá sọ̀ ní Sábó tòun ti ẹrù lórí,
tí ọkọ rẹ̀ ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn,
kí òun kàn gba gbèsè tí wọ́n jẹ òun tán.

Ìyá jókòó. Ó ń pa kajú.
Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó fà dé ẹsẹ̀ àga,
ó gun orókún ìyá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ.
Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn.

Àwọn ọ̀dọ́ ń yán. Ọ̀kan ní, "Ṣé kò ní sí ìjà ni?"
Òmíràn ní, "Bóyá ẹ̀rọ ló há."
Ìyàwó olùkọ́ pọn ọmọ rẹ̀, ó bọ́ síta.
Èmi náà, kí n má purọ́, híńjì ni mò ń wò:
tòkè ti yẹ̀. Mo sì sọ fún wọn kí wọ́n pè mí.

Ilé yẹn ò sí mọ́, ẹ gbọ́.
Nígbà tí wọ́n ń la títì,
ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kàn,
ẹ̀ẹ̀kan ni katapílà gbá a dànù.
Ìyá kú ṣáájú ilé; orí bá a ṣe é.
Síbẹ̀, ẹ wò ó lára aṣọ, ó dúró sán-ún,
eruku ń jó nínú oòrùn
bí ẹni pé àná ò mọ̀ pé òun ti lọ.

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró kọjá.

Àwẹ̀ró mi. Ẹni tí a sin lọ́dún méjì sẹ́yìn.
Ó gba ẹ̀yìn fèrèsé, ó ru abọ́ tánganran tó ti bó létí,
láti ọwọ́ òsì. Ó rí ẹ̀rọ. Ó pòṣé,
irú èyí tó máa ń pa bí mo bá fẹsẹ̀ gbé eruku igi wọ yàrá,
ó gba ọwọ́ ọ̀tún lọ.

Mi ò mọ̀gbà tí mo dìde. Mo ní, "Dá a padà!"
Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Mo ní, "Ẹ ní kó dá a padà!"

Ìgbà tí èrò tú ká tán ló tó dá a padà.
Ó ní, "Bàbá, ìṣẹ́jú àáyá méje péré ni."
Mo rò ó. Ta ló ka ìṣẹ́jú fún àáyá?
Ẹranko tó pajú dé lórí igi, tó tún là á,
ṣé ayé tó pajú dé sí náà ló lajú bá?

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dá a padà.
Nígbà kẹta, mo rí i pé ó ti rù.
Nígbà karùn-ún, mo rí i pé omi ló wà nínú abọ́:
ìgbà tí ẹ̀rọ omi wa bàjẹ́ nìyẹn,
tí mò ń sọ pé lọ́la ni n óò tún un ṣe.

Mo bi ọmọ náà, "Ọwọ́ ọ̀tún tó gbà lọ yẹn, ibo ló dé?"
Ó ní òun ò mọ̀, ìyá òun ni òun dojú ẹ̀rọ kọ.
Ó ní díẹ̀ ló kù kí òun gé e kúrò.

Mo mọ ibi tó dé.
Ilé wa ló wọ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń fá pákó.
Ó sọ omi kalẹ̀, ó ní,
"Ọmọ yẹn tún ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé o."
Mi ò gbójú sókè.