Ọta Tó Ń Ṣẹ́jú

Yìnyín ń rọ̀ sójú fèrèsé, ní Sapporo,
Màmá Fumie ti kú nígbà méjìdínlógún láti ìrọ̀lẹ́.
Ó nu ìka mọ́ aṣọ òtútù rẹ̀,
ó tún ki owó bọ ẹnu ẹ̀rọ.
“Èyí ò rẹ́ mi jẹ,” ló wí fún mi.
“Ọta pupa máa ń ṣẹ́jú kó tó dé.
Èmi ni mo sùn.”

Òun ni mo gbè lẹ́yìn.
Kí géèmù le, kó le koko bí ọta,
kó ṣáà má purọ́.

Ti ọkọ̀ eré wá ńkọ́?
Mo fi orí sọ ògiri lẹ́ẹ̀mẹta,
àwọn tó wà níwájú dẹ ẹsẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí
bí ẹni ń bọ́mọ jẹun.
Irú ife-ẹ̀yẹ yẹn, ibo ni n óò gbé e kọ́?

Èyí tó ń pa àlọ́ ló bí mi nínú jù:
n kò tíì họ orí tán, ó ti túmọ̀ rẹ̀.
Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Ryota ọmọ mi ní ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú.
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ikú kọkàndínlógún.
Màmá rẹ́rìn-ín: ó ti rí ibi tó ti sùn.
Àpò rẹ̀ gbẹ.
Mo pa ilé géèmù dé níwájú,
mo na ọgọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì sí i.