Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n

Apẹja ni bàbá mi ní Liepāja,
àwọ̀n tirẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan bọ́.
Tèmi lujú. Ohun tó bá kó sí i, á jábọ́,
àwọn èèyàn á sì pariwo ayọ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógún:
Tọ́kì, Pólándì, ìlú kan tó jẹ mí lówó oṣù mẹ́ta,
tí mo sì ń fò fún wọn síbẹ̀, gbì, gbì,
lórí orúnkún tí dókítà ti là lẹ́ẹ̀mejì.

Lánàá mo gbé yìnyín lé e.
Àbúrò mi Gatis ní, “Kí lo wá rí mú bọ̀?”
N ò fèsì.
Bàbá ń tún àwọ̀n ṣe, kò gbójú sókè:
“Gbogbo ẹja tí mo pa, ẹ ti jẹ ẹ́ tán.
Àmọ́ wo bí ó ṣe ga.”