Sẹ́tù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń tú fún ọdún mọ́kàndínlógún
ní ilé-ẹjọ́ kékeré kan ní Kúbwà, l'Ábùjá,
tí kò tíì tú tán lẹ́nu mi.
Sẹ́tù.
Ògbufọ̀ ni mí. Ẹnu ẹlẹ́nu ni mo fi ń jẹun.

Ìwé atúmọ̀ tó wà lórí tábìlì mi ti já lẹ́yìn,
rọ́bà ni mo fi dì í.
Òun ló sọ fún mi pé láyé àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì,
kí wọ́n tó bá òkun lọ síbi kankan,
àga lásán ni ọ̀rọ̀ náà.
Ẹni tó ti oko dé, tó fi ìdí lé e,
tó mí kanlẹ̀,
ó ti sẹ́tù nìyẹn.
Mo rẹ́rìn-ín. Àga!

Lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú omi:
ẹrẹ̀ rọ sísàlẹ̀ ìkòkò, omi tòrò.
Ó bọ́ sínú ìjà, tọkọtaya gba ti àgbà.
Ó bọ́ sínú gbèsè, owó pé, wọ́n ya ìwé.
Ìgbà tó yá ló wá wọ ọkọ̀ ojú omi,
ibikíbi tó bá sì gúnlẹ̀ sí,
a gbé àga rẹ̀ ka orí ẹní ẹlẹ́ní.

Bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìdì aṣọ méjì,
nígbà tí wọ́n ṣì ń wa kùsà lójoojúmọ́.
Ó kọ́lé, ó bí mẹ́jọ, ó sin méjì síbẹ̀.
Ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Bìróm díẹ̀,
ó lè búni ní méjèèjì.
Síbẹ̀, ọjọ́ tí mo lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀,
akọ̀wé kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Sẹ́tílà ni yín."
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mo ṣebí oyè ni.
Mo sáré délé lọ ròyìn.
Bàbá mi wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.
Ó pẹ́ kó tó fọhùn.
"Ogójì ọdún ni mo ti jókòó síbí," ó ní.
"Ìjókòó mélòó ló ń di ilé?"

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe Màmá Lárábá síwájú adájọ́.
Gbágyi ni. Èjìká ló fi ru igi wọlé,
ọlọ́pàá ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ síta.
Ìwé ìjọba wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbó ní ìṣẹ́po.
Òtẹ́ẹ̀lì ló wà báyìí
níbi tí ọlọ ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.
Ọ̀rọ̀ mi náà ló wà nínú ìwé, wọ́n fi "rí" síwájú rẹ̀,
rí-sẹ́tù, bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó.
Adájọ́ ní kí n tú u sí Haúsá.
Mo wá a, mi ò rí òmíràn: *an zaunar da ku.*
Wọ́n ti mú yín jókòó.
Màmá wò mí títí.
"Ta ló sọ fún wọn pé a dìde?"

Ilé-ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ ní kí n má tú ìyẹn.
Mi ò tú u.
Owó oṣù mi wọlé ní ọjọ́ kejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní bèbè títì,
ọlọ́pàá kan dìde lórí táyà tó fi ṣe àga,
ó na ọwọ́ wọ fèrèsé mi:
"Ọ̀gá, ẹ sẹ́tù wa."
Mo fún un ní igba náírà.
Ó padà lọ jókòó.

Omi kànga ilé mi pọ́n bí ilẹ̀ ibí.
Mo máa ń gbé korobá sójú kan di àárọ̀,
á tòrò, màá rí ojú mi nínú rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni mo fi ń bù ú.
Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló wà.