Ẹja Arọ

Kì í ṣe ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń pa lọ́sà Àjàṣẹ́.
Arọ ni mo wí. Ẹja tí ìrù rẹ̀ ṣẹ́.
Ẹ ó bi mí: ẹja ò lẹ́sẹ̀, báwo ló ṣe yarọ?
Ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Ìyá ìyá mi, Ẹpifánia, ọmọ Àgùdà,
kókádà ló ń sè ní kékeré rẹ̀:
àgbọn rírin, ṣúgà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀,
ó ń tà á ní fránkì méjì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.
Gàbọ̀n ni ọkọ gbé e lọ.
Ní ilé ìdáná òyìnbó kan ní Libirefíìlì
ló ti rí ohun dúdú tó ń yọ́ bí òróró,
tó ń dì bí òkúta,
tó tún ń yọ́ lẹ́nu bí ẹni pé kò dì rí.
Ó fọ abọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń wò.

Lọ́dún tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kó ẹrù wọn,
àwọn ẹlòmíràn gbé rédíò, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ.
Tirẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan, ihò méjìlá, ẹja méjìlá,
ó wé e mọ́ ikùn bí oyún.
Ṣọ́jà kan ní pápákọ̀ òfurufú ní kó tú ìró.
Ó yí irin náà síwá, ó yí i sẹ́yìn,
ó jù ú sílẹ̀, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́.
Ẹja kejìlá bá yarọ.

Ẹ̀bá ọjà Wàǹdó ni ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́.
Kóòkó ń bọ̀ láti Ìlaró lórí kẹ̀kẹ́ Múfútáù,
ó gba Ìgólò kọjá, lábẹ́ àpò gàrí.
Ó yan án nínú ìkòkò ẹ̀pà,
ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí èjìká fi kọ̀.
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí agogo mẹ́wàá tó lù, ẹja ti di ọbẹ̀.
Òru la wá ń fi ṣiṣẹ́:
èmi ọmọ ọdún méje, mò ń fi bébà aláwọ̀ wúrà wé ẹja,
mò ń lá ìka mi, mò ń purọ́ pé mi ò lá a.

Àwọn ọmọ iléèwé kì í béèrè ẹja tó pé.
"Ìyá, arọ ni kí ẹ fún mi!" Wọ́n ń jà sí i.
Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ arọ, olùkọ́ ò ní pè é síwájú pátákó.
Màmá mi fẹ́ gbé irin náà lọ bá alágbẹ̀dẹ.
Ìyá àgbà ní, "Fi í sílẹ̀. Òun ló ń tajà."

A ṣí èkejì ní Ṣàkẹ́tẹ́. A ṣí ẹ̀kẹta ní Kétu,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, pẹ̀lú fìríìjì oníkẹrosíìnì
tí àwọn awakọ̀ ń wá fi ẹ̀yìn tì nítorí ooru.
Nígbà tí owó séfà dédé di ìdajì,
àpò ṣúgà kan gbé owó àpò méjì wọ̀.
Ti Kétu ló kọ́kọ́ tì.
Ti Ṣàkẹ́tẹ́, wọ́n ń ta bàtà òkìrìkà níbẹ̀ báyìí.
Ìyá àgbà ò sunkún. Ó padà sí kókádà fún ọdún mẹ́ta;
àgbọn ò mọ̀ pé owó ti wó.

Ọdún tó kọjá ni mo ra ẹ̀rọ.
Ọ̀ọ́dúnrún ẹja láàárín wákàtí kan,
gbogbo wọn gún, gbogbo wọn ń dán.
Ọmọdébìnrin kan wọlé, ó na owó, ó wo inú gíláàsì,
ó wò ó pẹ́. Ó ní,
"Arọ dà?"
Mo ní kò sí mọ́. Ó gba owó rẹ̀ padà.

Irin àtijọ́ wà lára ògiri, ó ti dípẹtà.
Lóru, kí ẹja tó dì tán,
mo máa ń kà á dé mọ́kànlá,
tó bá kan ìkejìlá, mo fi àtàǹpàkò tẹ ìrù rẹ̀,
díẹ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn yàrá tí aláìsàn sùn sí.