Ìwé Tí Mo Kọ fún Adájọ́

Adájọ́ ní kí n lọ wò ó wá.
Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́sàn-án,
àti owó ọkọ̀ tí kò lè gbé mi lọ kó gbé mi bọ̀.

Ní Gáà-Akànbí, Sànúsí ti kun ilé, ọ̀dà ń ta mí nímú.
Ó fi bẹ́ẹ̀dì ọmọ hàn mí.
Láílọ̀n ṣì wà lára fóòmù.
Mo kọ ọ́: "Ọmọ ní bẹ́ẹ̀dì."
Lóru ni mo tó padà kọ láílọ̀n náà.
Síbẹ̀, òun ló sọ fún mi, láìbéèrè,
pé bí Ràlíátù bá jẹ ẹ̀pà, ètè rẹ̀ á wú,
pé ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé.

Ní Òmù-Àrán, yàrá kan, ẹni mẹ́rin.
Òjò ti ya àwòrán tirẹ̀ sára àjà.
Fẹ̀hìntọlá ní, "Ṣé ìkòkò mi lẹ wá kà?"
Mo ní rárá. Mo ti kà á. Méjì ni.
Ọmọ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò wo ojú mi,
ó gba ìdí àmù lọ, ó bu omi, ó mu,
ó fẹ̀yìn ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.
Mo wá inú fọ́ọ̀mù títí,
kò síbi tí wọ́n ní ká kọ irú mímí bẹ́ẹ̀ sí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.
Èmi gbọ́ ti ẹni méjì, gbogbo rẹ̀ tún dàrú mọ́ mi lójú.

Mo fún ọmọ ní pẹ́ńsù: "Ya ilé yín fún mi."
Ó ya títì.
Ó ya mọ́tò, ó ya ọkùnrin kan, obìnrin kan,
wọn ò wo ara wọn.
"Àjàṣẹ́ nìyí," ó ní.
"Ibẹ̀ ni Dádì ti ń gbé mi fún Mọ́mì.
Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí àwọn méjèèjì."

Mo fi àwòrán náà há ojú ewé kẹsàn-án.

Adájọ́ bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún.
Wọ́n ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá,
kí bàbá mú un ní gbogbo ìsinmi,
kí ẹnikẹ́ni má sì gbà á létí títì mọ́:
"Ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ wọlé. Ẹ jókòó. Ẹ mu omi."

Mo pa fáìlì dé.
Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó mu omi náà.