Ọ̀nà Ò Jìn

Àtẹ̀gùn méjìlélọ́gọ́jọ ló wà láti etí òkun
dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi ní Valparaíso.
Ọkọ̀ onírin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wáyà ń fà gòkè:
o sanwó, o jókòó, ò ń wo ọkọ̀ ojú omi, o ti dé.
Èmi kì í wọ̀ ọ́. Àtẹ̀gùn ni tèmi.
Mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́,
àti ẹni tí kò fẹ́.

Bí mo ṣe ń lo kọ̀ǹpútà náà nìyẹn.
Èmi Nibaldo, mi ò fẹ́ àwòrán mèremère,
mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ máa bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?"
Ojú dúdú, lẹ́tà funfun, àṣẹ kan ṣoṣo,
ẹgbẹ̀rún fáìlì á pàrọ̀ orúkọ kí n tó sín tán.
Ta ni yóò tọ́ irú agbára bẹ́ẹ̀ wò
tí yóò tún máa fi máòsì ṣa bọ́tìnì kiri
bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo?

Ìyá mi, Eduvigis, ń rán aṣọ ilé-ìwé.
Èjìká gbogbo ọmọ òkè wa, ọdún mẹ́sàn-án,
wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, lábẹ́ àwòrán abẹ́rẹ́ kan
tó máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ń yan búrẹ́dì lọ́wọ́,
mo tú ilé àwòrán náà palẹ̀, mo gbé Línọ́ọ̀sì tèmi sí i.
"Wò ó, Màmá! Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló fi jí!"
Ó wò ó. Ó ní, "Ó yára."
Ó padà sídìí ààrò.

Oṣù kẹta ni mo rí ìwé kan lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ:
pẹ́ńsùlù, èjìká, ọrùn ọwọ́, ìlà lórí ìlà.
Kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ aṣọ bí òkú.
Mo ní, "Àṣẹ mẹ́rin péré ni, Màmá. Ọ̀nà ò jìn!"
Kò gbójú sókè. Ó feyín já òwú.
"Ọmọ tí a pọ̀n ni kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn.
Ọdún tí wáyà já, tí ọkọ̀ òkè dúró fóṣù méje,
ẹ̀yìn ta lo wà, Nibaldo?"

Àtẹ̀gùn tí mo fi ń yangàn,
ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ fi gùn ún.

Mo dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà. Òru méjì ló gbà mí.
Àwọn àṣẹ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́,
ẹnikẹ́ni ò rí wọn, kò sì dùn mí tó bí mo ṣe rò.
Mo fẹ́ pa fèrèsé dúdú náà dé pátápátá,
ó ní, "Fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Wáyà lè já."
Ó wá fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń kán oògùn sójú:
orúkọ mi.
Ẹ̀rọ fèsì pé òun ò mọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Òótọ́ ló sọ," ó ní.
"Ogójì ọdún ni mo ti ń pè é, kò gbàṣẹ rí."